Kí oníṣòwò tó ra káàdì kọ̀ǹpútà tuntun, kó kọ́kọ́ béèrè iye wáàtì tó ń jẹ

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà máa ń wí. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gé fídíò, tí wọ́n fi ń ya àwòrán ilé, tàbí tí wọ́n fi ń pawó ní ṣọ́ọ̀bù géèmù, owó tí oníbàárà kà lé ọlọ́jà lọ́wọ́ kọ́ ni gbogbo owó ọbẹ̀ náà. Èyí tó kù ń bẹ nínú epo jẹnẹrétọ̀ àti owó iná tí yóò máa san lóṣooṣù.

Ẹni tó bá lọ sí òpópónà Ọ̀tígbà, níbi tí ọjà Computer Village wà n'Íkẹjà, láti ra káàdì tó ń gbé àwòrán jáde lójú kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní graphics card, ìbéèrè mẹ́ta ló sábà máa ń wá sí i lẹ́nu: èló ni, ṣé tuntun ni àbí tòkunbọ̀, GB mélòó ló ní? Ìbéèrè kẹrin ló yẹ kó ṣáájú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: wáàtì mélòó ló ń jẹ? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni yóò sọ irú jẹnẹrétọ̀ tó lè gbé e, bí ṣọ́ọ̀bù yóò ṣe gbóná tó, àti bí ariwo rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó.

Kì í ṣe gbogbo oníṣòwò ló nílò káàdì yìí o. Ẹni tó ń tẹ lẹ́tà, tó ń kọ ìṣirò ọjà, tó sì ń tẹ ìwé ìpè síbi ayẹyẹ lè má nílò rẹ̀ rárá, torí pé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní ló ti ní èyí tó kéré nínú, tó sì tó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tọ́rọ̀ kàn gan-an ni àwọn tó ń gé fídíò ìgbéyàwó, àwọn tó ń ṣe fíìmù, àwọn ayàwòrán ilé, àtàwọn onígéèmù.

BÍ IYE WÁÀTÌ ṢE Ń GÒKÈ

Lọ́dún 2016, nígbà tí ilé iṣẹ́ NVIDIA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé GTX 1080 jáde, ọ̀kan lára àwọn tó lágbára jù lọ nígbà náà ni, síbẹ̀ 180 wáàtì ló ń jẹ. Nígbà tó di ọdún 2020, RTX 3090 dé, ó ń jẹ 350 wáàtì. RTX 4090 tó jáde lọ́dún 2022 ń jẹ 450, nígbà tí RTX 5090 tó jáde ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 ń jẹ 575. Ilé iṣẹ́ AMD, tí wọ́n jọ ń du ọjà, náà kò gbẹ́yìn: RX 7900 XTX tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2022 ń jẹ 355 wáàtì.

Fáànù onídùúró tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé kì í jẹ ju nǹkan bíi 50 sí 60 wáàtì lọ. Ìyẹn ni pé ẹyọ káàdì RTX 5090 kan, bó bá ń ṣiṣẹ́ dójú àmì, iná tí fáànù bíi mẹ́wàá ń jẹ lòun nìkan yóò jẹ. NVIDIA fúnra wọn sọ pé kọ̀ǹpútà tí wọn yóò fi sí gbọ́dọ̀ ní power pack tó lè gbé 1,000 wáàtì.

Ṣùgbọ́n àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ ò bá tàwọn ọ̀gá wọn lọ. RTX 3060 tó jáde lọ́dún 2021 ń jẹ 170 wáàtì. RTX 4060 tó tẹ̀ lé e lọ́dún 2023 ń jẹ 115 péré. RTX 5060 ti ọdún 2025 tún gòkè díẹ̀, ó dé 145. Bẹ́ẹ̀ sì ni RTX 3050 olójú 6GB, tó jáde lọ́dún 2024, kò ju 70 wáàtì lọ, kò nílò wáyà iná mìíràn, ojú ibi tí wọ́n ti kì í bọ kọ̀ǹpútà ló ti ń gba gbogbo iná rẹ̀.

OHUN TÓ Ń YỌ NÍNÚ ÀPÒ

Ká ní oníṣòwò kan ń lo káàdì 450 wáàtì dójú àmì fún wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, ọjọ́ 26 lóṣù. Yúnìtì iná tí káàdì nìkan yóò jẹ jẹ́ 93.6. Bí a bá fi N209.50 tí àwọn tó wà ní Band A ń san lórí yúnìtì kan ní oṣù Keje ọdún 2024 ṣe ìṣirò, N19,609 ni yóò bá a lọ lóṣù. Káàdì 115 wáàtì, lórí ìṣirò kan náà, yóò jẹ yúnìtì 23.92, owó rẹ̀ kò ju N5,011 lọ. Ìyàtọ̀ àárín wọn lé ní N175,000 lọ́dún, orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo sì nìyẹn. Onígéèmù tó ní márùn-ún kó fi márùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀.

Iná ìjọba nìyẹn o. Àwọn tó jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí láti ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti kógbá wọlé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré táwọn èèyàn ń pè ní "I better pass my neighbour" kì í lè gbé ju nǹkan bíi 650 wáàtì lọ láìdáwọ́dúró. Bí káàdì bá gba 450 nínú rẹ̀, tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà gba bíi 125, tí ojú rẹ̀ gba 30, tí power pack náà sì fi díẹ̀ ṣòfò, iná ti tán nìyẹn, fáànù àti gílóòbù kò tíì rí tiwọn. Àwọn káàdì ńlá sì tún máa ń fa iná lójijì, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ju iye tí wọ́n kọ sára páálí wọn lọ. Irú ìfàlójijì bẹ́ẹ̀ lè mú kí kọ̀ǹpútà kú nígbà tí iṣẹ́ oníbàárà ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Ti inverter kò yàtọ̀. Bátìrì 12 fóòtì tó jẹ́ 200Ah ní iná 2,400 wáàtì-wákàtí nínú, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bátìrì olómi tàbí tubular, ẹni tó bá fẹ́ kó pẹ́ kì í lò ju ìdajì rẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà tó ń jẹ 600 wáàtì yóò ti lò ó tán kó tó pé wákàtí méjì. Èyí tó ń jẹ 250 lè lò tó wákàtí mẹ́rin.

Síbẹ̀, káàdì ńlá kì í ṣe ọ̀tá oníṣòwò. Bó bá fi wákàtí kan parí iṣẹ́ tí 115 wáàtì fi wákàtí mẹ́rin ṣe, iná tí méjèèjì jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: 450 sí 460. Ẹni tó ń ya àwòrán ilé, tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń sun mọ́jú lẹ́nu iṣẹ́, lè jèrè lórí rẹ̀. Àdánù rẹ̀ wà fún ẹni tó rà á, tó jẹ́ pé fídíò ìsọmọlórúkọ ló fi ń gé.

IBI TÍ ARIWO TI Ń WÁ

Gbogbo iná tí káàdì bá jẹ ló ń di ooru, fáànù tó wà lórí rẹ̀ ló sì ń lé ooru náà kúrò. Bí wáàtì bá ṣe pọ̀ tó ni ooru yóò ṣe pọ̀ tó, bí ooru bá sì ṣe pọ̀ tó ni fáànù yóò ṣe sáré tó. Ìdí nìyẹn tí káàdì kan náà fi lè dákẹ́ nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, kó sì máa hó bí ẹ̀rọ agbálẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù lọ́sàn-án gangan.

Ọ̀rọ̀ ariwo yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2003, GeForce FX 5800 Ultra pariwo débi pé àwọn èèyàn ń fi í wé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun, NVIDIA fúnra wọn sì ṣe fídíò apanilẹ́rìn-ín tí wọ́n fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ìgbà náà, wọ́n ti sọ fáànù di ńlá, torí pé fáànù ńlá kì í sáré tó kékeré kó tó fẹ́ atẹ́gùn kan náà. Ọ̀pọ̀ káàdì òde òní ló tiẹ̀ máa ń dá fáànù wọn dúró pátápátá bí iṣẹ́ kò bá pọ̀. Ṣùgbọ́n èrè náà ní ohun tí wọ́n fi gbà á: káàdì ti gùn, ó ti nípọn, àwọn kan kò sì wọ àpótí kọ̀ǹpútà àtijọ́ mọ́.

Sí ẹni tó ń ka ohùn sílẹ̀ fún ìpolówó rédíò tàbí fíìmù, ariwo yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn. Ohun tí etí ti mọ́ lára, gbohùngbohùn ò ní í gbàgbé rẹ̀. Bí ariwo bá fi decibel mẹ́wàá lé sí i, yóò dà bí ìlọ́po méjì létí èèyàn. Ariwo tún lè jẹ́ ìkìlọ̀. Bí káàdì tó ti ń dákẹ́ tẹ́lẹ̀ bá dédé ń pariwo, ó ṣeé ṣe kí eruku ọyẹ́ ti dí i nímú. Bí ooru bá sì kọjá ààlà, káàdì yóò dín iyára ara rẹ̀ kù, iṣẹ́ yóò máa falẹ̀, ọlọ́jà yóò rò pé wọ́n ta ayédèrú fóun.

TI TÒKUNBỌ̀ NÍ ÌKÌLỌ̀ TIRẸ̀

Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2022, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Ethereum pa ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi káàdì wa owó náà tì, ọ̀pọ̀ káàdì tó ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru sì bọ́ sọ́jà tòkunbọ̀ káàkiri ayé. Kì í ṣe gbogbo wọn ló bàjẹ́, ṣùgbọ́n fáànù ló máa ń kọ́kọ́ gbó. Ẹni tó bá fẹ́ rà á kó ní kí ọlọ́jà fún un níṣẹ́ gidi ṣe fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó dúró tì í, kó fetí sílẹ̀. Bó bá ń gbọ́ gìrìgìrì láti ara fáànù, kó fi í sílẹ̀. Ohùn tín-ín-rín tó dà bíi ti yànmùyánmú kì í ti ara fáànù wá, iná tó ń gba inú káàdì kọjá ló ń fà á, kì í sì í sábà jẹ́ àmì pé ó ti bàjẹ́.

OHUN TÓ ṢEÉ ṢE LÁÌNÁWÓ

Ẹni tó ti ra káàdì ńlá ná kò tíì pàdánù. Ètò ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ MSI Afterburner ní ibi tí wọ́n kọ Power Limit sí. Bí wọ́n bá fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti 100 sí 80, ooru àti ariwo yóò dín kù, iṣẹ́ tí yóò sì sọnù kì í sábà tó iná tí yóò ṣẹ́ kù. Onígéèmù tí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lè fi ju àwòrán 60 hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kó má jẹ́ kí káàdì máa ya 200. Òfò iná lásán ni.

Kí wọ́n máa fẹ́ eruku kúrò, kọ̀ǹpútà ní pípa, kí ọwọ́ sì di fáànù mú kó má yí. Kí àpótí kọ̀ǹpútà má fara ti ògiri, kó má sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígi. Kí wáyà iná wọlé dé ìdí: lọ́dún 2022, nígbà tí orí wáyà RTX 4090 àwọn kan yọ́, àlàyé NVIDIA ni pé wọn kò tì í wọlé tán.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Kí oníṣòwò kọ iye wáàtì tí jẹnẹrétọ̀ tàbí inverter rẹ̀ lè gbé sínú ìwé, kó yọ ti fáànù, gílóòbù àti ìyókù kọ̀ǹpútà kúrò. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni káàdì tó tọ́ sí i. Ìwé yẹn ni kó mú dání lọ sí Ọ̀tígbà.