Wọ́n Ní Nǹkan Ò Ní Rí Bákan Náà Mọ́: Kí Ló Ń Dá Àwọn Akọni Kọ́míìkì Padà Síbi Tí Wọ́n Ti Wá?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń bí mi nínú látìgbà tí mo wà ní ọmọdé. Òní ni mo fẹ́ sọ ọ́.

Mo ní àǹtí kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló ba ọ̀pá ẹ̀yìn wọn jẹ́, àga oníkẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì ń lò látìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́kọ́ rí kọ́míìkì. Wọ́n máa ń ra àlòkù ní Yábàá, wọ́n á kó o sínú páálí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nínú gbogbo akọni tó wà nínú páálí yẹn, ẹnì kan ló jọ wọ́n lójú jù: Oracle.

Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, Barbara Gordon lorúkọ rẹ̀ gan-an, òun sì ni Batgirl tẹ́lẹ̀. Ní 1988, nínú The Killing Joke tí Alan Moore kọ, tí Brian Bolland sì ya àwòrán rẹ̀, Joker yìnbọn fún un, kò sì lè rìn mọ́. Ìtàn rẹ̀ ì bá parí síbẹ̀. Àmọ́ tọkọtaya kan tí wọ́n jẹ́ òǹkọ̀wé, John Ostrander àti Kim Yale, mú un padà wá ní 1989 pẹ̀lú orúkọ tuntun, Oracle. Ó jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, ó sì di ẹni tí àwọn akọni yòókù, títí kan Batman fúnra rẹ̀, ń pè nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dojú rú.

Ọdún 22 ló fi wà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di 2011, DC tún gbogbo ìtàn wọn bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ orúkọ The New 52. Barbara bá dìde. Ó ń rìn, ó ń fò láti orí òrùlé dé orí òrùlé, ó tún ti di Batgirl.

Nígbà tí mo rí i, mo sáré lọ bá wọn. "Àǹtí, ẹ wò ó, ó ti ń rìn! Ṣé inú yín ò dùn ni?"

Wọ́n wo àwòrán náà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa fún un. Èmi wá ńkọ́?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ní báyìí tí mo ti ń ṣe másítà nínú physiology, ìyẹn ìmọ̀ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, mo rò pé mo ti mọ díẹ̀ lára ohun tí ìbéèrè yẹn dá lé.

Oracle nìkan kọ́

Ẹni tó bá ti ka kọ́míìkì Marvel àti DC pẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí. Superman kú ní 1992, ó jí padà ní 1993. Bane dá Batman lẹ́yìn ní 1993, nígbà tó fi di 1994 ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n yìnbọn pa Captain America ní 2007, kò pẹ́ tó fi padà wá. Spider-Man fẹ́ Mary Jane ní 1987. Ní 2007, nínú One More Day, ẹ̀mí èṣù kan tó ń jẹ́ Mephisto gba ìgbéyàwó náà lọ́wọ́ wọn kí ẹ̀mí Aunt May má bàa bọ́. Ogún ọdún ìgbéyàwó, ó pòórá bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Jason Todd, Robin kejì. Ní 1988, DC ní kí àwọn òǹkàwé fi tẹlifóònù dìbò bóyá kó kú tàbí kó yè. Owó ni wọ́n fi ń pè. Àwọn 5,343 ní kó kú, àwọn 5,271 ní kó yè. Ìbò 72 ló pa á. Ní 2005, ó jí padà. Kí wá ni ìbò yẹn wà fún?

Ayálégbé ò lè wó ilé onílé

Ilé iṣẹ́ ló ni àwọn akọni yìí, òǹkọ̀wé ò ni wọ́n. Ayálégbé lòǹkọ̀wé. Ó lè kun ògiri ní àwọ̀ pupa, ó lè gbé àga síbí, kó gbé tábìlì sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n tó bá ti kó jáde, onílé á tún un kùn padà. Fíìmù wà nídìí ẹ̀, nǹkan ìṣeré ọmọdé wà nídìí ẹ̀, àwòrán ara ṣẹ́ẹ̀tì wà nídìí ẹ̀. Batman tí gbogbo ayé mọ̀ ni wọ́n fẹ́ máa tà.

Nínú ara wa náà, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Homeostasis là ń pè é. Ara èèyàn fẹ́ kí ooru rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tí oòrùn bá pa ọ́, wàá làágùn títí ooru yẹn á fi wálẹ̀. Tí òtútù bá mú ọ, wàá máa gbọ̀n títí á fi gòkè. Apá kan nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ hypothalamus ló ń ṣọ́ ọ. Bó o bá tì í síbí, á tì í padà. Ohun kan náà ni ọ́fíìsì àwọn olóòtú kọ́míìkì ń ṣe: òǹkọ̀wé á ti akọni kúrò láyè rẹ̀, ọ́fíìsì á rọra tì í padà.

Nítorí náà, kò yẹ kí ìpadàbọ̀ yẹn máa yà wá lẹ́nu. Kí ló wá dé tó ṣì ń dùn wá?

Ọ̀bọ, iná àti omi èso

Wolfram Schultz, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ṣe àyẹ̀wò lórí àwọn ọ̀bọ. Wọ́n á fún ọ̀bọ ní ẹ̀kán omi èso, wọ́n á sì máa wo àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ rẹ̀ tó ń tú dopamine jáde. Nígbà tí omi èso bá dé láìròtẹ́lẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á ta gìrì. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń kọ́kọ́ tan iná kan kí omi èso tó dé. Nígbà tí ọ̀bọ ti mọ̀ pé iná ló ń ṣíwájú omi èso, iná yẹn gan-an ni sẹ́ẹ̀lì wá ń ta gìrì sí.

Ibi tí mo ń lọ nìyí: tí iná bá tàn tí omi èso ò dé, iṣẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á já wálẹ̀, á tún kéré ju bó ṣe máa ń wà nígbà tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ẹ kíyè sí i o. Kì í ṣe pé ó dúró síbi tó wà. Ó já wálẹ̀. Ọ̀bọ tí wọn ò ṣèlérí fún sàn ju èyí tí wọ́n ṣèlérí fún tí wọ́n wá já kulẹ̀.

Òótọ́ ni pé ọ̀bọ ò ka kọ́míìkì, ìbínú èèyàn sì jù dopamine nìkan lọ. Àmọ́ ẹ fi wé e. Ìkéde tó ní "nǹkan ò ní rí bákan náà mọ́" ni iná yẹn. Ìyípadà tó dúró ni omi èso. Tí iná bá sì ń tàn lójoojúmọ́ láìsí omi èso, tó bá yá, ọpọlọ ò ní ka iná yẹn sí mọ́. Ìdí nìyẹn tí àkọlé tó bá ní akọni kan ti kú lónìí fi jẹ́ pé a kàn máa ń yán ni, a ó sì béèrè pé, "Oṣù wo ló máa jí?"

Ìjàpá kì í tanni jẹ

Ẹ rántí àlọ́. Lálẹ́ òní, Ìjàpá á já bọ́ láti òkè, igbá ẹ̀yìn rẹ̀ á fọ́ yángá. Lálẹ́ ọ̀la, "Àlọ́ o!", òun àti Yánníbo ìyàwó rẹ̀ tún ti ń wá ohun tí wọ́n máa jẹ. Ta ló ń bínú? Kò sẹ́ni tó ń bínú, torí ẹni tó ń pàlọ́ ò ṣèlérí fún wa pé Ìjàpá ò ní padà wá mọ́. Ìlérí ló ń dá ọgbẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Oracle sì tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí iṣan apá tàbí ẹsẹ̀ bá já, ó lè hù padà, bíi mìlímítà kan lóòjọ́. Àwọn okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn kì í hù padà báyẹn, a ò sì tíì rí ìwòsàn tó lè dá wọn padà pátápátá. DC fi gègé ṣe é láàárín oṣù kan. Gail Simone tó kọ Batgirl tuntun yẹn ti kọ Oracle fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í sì í ṣe òǹkọ̀wé yẹpẹrẹ. Síbẹ̀, ẹni tó jọ Àǹtí mi kan ṣoṣo nínú páálí yẹn ti lọ.

Ṣé ìyípadà tó dúró wà? Ó wà. Nínú ara, ibà ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ. Nígbà tí ibà bá mú èèyàn, hypothalamus fúnra rẹ̀ ló gbé ìwọ̀n tó ń ṣọ́ sókè. Ìdí nìyẹn tí alárùn ibà fi ń gbọ̀n tí ara rẹ̀ sì ń gbóná. Ìwọ̀n ló yí, kì í ṣe pé wọ́n kàn tì í. Nínú kọ́míìkì náà, àwọn ìtàn tí ìyípadà ti ń dúró ni ibi tí ìwọ̀n ti yàtọ̀. Robert Kirkman, Cory Walker àti Ryan Ottley ṣe Invincible láti 2003 dé 2018, ẹ̀dà 144, wọ́n sì parí rẹ̀. Kò sí onílé kankan tó ń dúró láti tún ògiri kùn.

Mo bẹ Àǹtí wò nígbà ìsinmi tó kọjá. Páálí yẹn ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì ń bínú.

"Sí ta ni?" Wọ́n fa ẹ̀dà kan yọ, Oracle níwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Tèmi rèé. Kí wọ́n wá gbà á."