Ìṣirò Owó Iṣẹ́ Nínú Fífi Àgékù Aṣọ Ṣe Ohun Ọ̀ṣọ́: Dọ̀pẹ̀mú Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ọ̀nà tí a fi ń ṣe yẹtí àti ẹ̀gbà ọwọ́ láti ara àgékù aṣọ, àti, ní pàtàkì, bí a ṣe ń dá iye lé wọn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe àtúnṣe sí kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù ní ọdún 2025, iṣẹ́ ìránṣọ wà lára iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́fà tí ó fi sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà. Olùkọ́ tí yóò kọ́ni ní irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ abẹ́rẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò.

Dọ̀pẹ̀mú wà ní ẹ̀bá òpópónà Èkó sí Abẹ́òkúta, kò sì jìnnà sí Ìkẹjà, níbi tí Nigerian Textile Mills ti ń hun aṣọ láti àwọn ọdún 1960 kí ó tó kógbá sílé. Lónìí, ilẹ̀ Ṣáínà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú Áńkárá tí à ń tà ní Èkó ti ń wá. Bí dọ́là bá gbówó lórí, aṣọ náà yóò gbówó lórí, àgékù tí àwọn télọ̀ ń gbá dànù tẹ́lẹ̀ yóò sì di ohun tí à ń tọ́jú. Aṣọ ẹbí ni ó fi ọjà sí i: ẹni tí ó rán an máa ń fẹ́ kí yẹtí òun bá a mu, ara aṣọ kan náà ni ó sì ti lè rí i.

Iṣẹ́ náà kò le. A ó gé páálí róbótó, a ó fi gọ́ọ̀mù lẹ aṣọ mọ́ ọn tojú-tẹ̀yìn, a ó lu ihò sí i, a ó sì fi ìkọ́ sí i. Ẹ̀gbà ọwọ́ onírọ́bà tí ó ti gbó ni a máa ń fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ wé. Irú aṣọ ni ó ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Kí a fi iná sun fọ́nrán kan lórí àwo omi: òwú gidi yóò rùn bí bébà tí ó jó, eérú rẹ̀ yóò sì kúnná, poliẹ́sítà yóò yọ́, yóò sì dì bí ìlẹ̀kẹ̀. Èyí tí ó ń yọ́ ni a lè fi iná àbẹ́là pa létí kí ó má baà tú. Ti òwú, dídá etí rẹ̀ bọ inú ni.

Ní ti iye, èrò tí ó gbilẹ̀ ni pé ọ̀fẹ́ ni àgékù, nítorí náà kí ọjà rẹ̀ pọ̀ ní pọ́ọ́kú. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe yẹtí méjìlá-méjìlá lọ́nà méjì, ìyẹn ẹsẹ̀ méjìlá, ní wákàtí mẹ́fà. Ìkọ́, páálí àti gọ́ọ̀mù gba 2,400 náírà. Ọkọ̀ lọ sí Balógun àti àbọ̀ gba 1,200. Ó ta ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní 400, ó pa 4,800. Èrè tí ó kù, 1,200 péré, túmọ̀ sí 200 náírà fún wákàtí kan. Bẹ́ẹ̀ owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní ọdún 2024, 70,000 náírà, kù díẹ̀ kí ó tó 400 fún wákàtí kan, bí a bá fi ọjọ́ méjìlélógún àti wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ pín in. Láti gba iye yẹn, ẹsẹ̀ kan kò gbọdọ̀ dín ní 500, a kò sì tí ì mẹ́nu ba èyí tí ó bàjẹ́.

Èrè onísọ́ọ̀bù kò sí nínú 500 yìí. Ẹni tí ó bá ń ta fún àwọn alátùntà ní láti ní iye méjì, kí ó sì má ṣe ta fún ẹni tí yóò lò ó ní iye tí ó ń tà fún wọn. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn alátùntà kò ní padà wá.