Òkúta Boundary, Níbo Ló Ti Wá?

Ẹni tó bá ń wá àpáta ní Boundary l'Ékòó, níbi tí Àpápá ti bá Ajégúnlẹ̀ pààlà, yóò wá a tì. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ níbikíbi ládùúgbò náà, iyanrìn lẹ máa kọ́kọ́ bá, omi á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹrẹ̀ dúdú. Àpáta wà nísàlẹ̀ pátápátá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó jìn ju kìlómítà kan lọ. Àwọn tó ń gbẹ́ bọ́hòlù kò lè kàn án. Síbẹ̀ òkúta kún orí ilẹ̀ fọ́fọ́: gíránáìtì wà lábẹ́ ọ̀dà títì, bulọ́ọ̀kù wà lára ilé, ọlọ àti káún wà lórí àtẹ lọ́jà. Ibòmíràn ni gbogbo wọn ti wá. Ìdí nìyí tí ẹni tó fẹ́ràn òkúta fi lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ní Boundary, kí àwọn oníkẹ̀kẹ́ máa fọn fèrè mọ́ ọn, kó má tilẹ̀ gbọ́.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ará Ìkejà tàbí Ìkòròdú mọ ilẹ̀ pupa, èyí tó ń ba aṣọ funfun jẹ́ nígbà òjò. Iyanrìn àtijọ́ tí irin inú rẹ̀ ti dípẹtà ni. Bí ẹ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lápá òkun, pupa náà á pòórá, nítorí ilẹ̀ tí kò tíì pẹ́ láyé lẹ ti dé. Ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, yìnyín bo ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní apá àríwá ayé. Omi tó dì sínú rẹ̀ pọ̀ débi pé òkun lọ sílẹ̀ ju bó ṣe wà lónìí lọ ní nǹkan bí 120 mítà. Àwọn odò wa ń gbẹ́ àfonífojì lọ bá òkun níbi tó sá sí. Nígbà tí yìnyín yọ́, òkun padà wálé. Ní nǹkan bí 6,000 ọdún sẹ́yìn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tó wà báyìí. Omi kún àwọn àfonífojì náà, wọ́n di ọ̀sà. Iyanrìn dí ẹnu wọn, àbàtà sì gba ẹ̀yìn iyanrìn. Orí iyanrìn àti àbàtà yẹn ni Ajégúnlẹ̀ jókòó lé.

Ẹ bu iyanrìn ẹ̀kúnwọ́ kan níbi tí wọ́n ti ń po kọnkéré. Ẹ fi omi ṣàn án títí ìdọ̀tí á fi tán, ẹ sá a, kí ẹ dà á sórí bébà funfun. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á máa dán bíi gíláàsì: quartz ni. Inú àpáta òkè ọ̀hún, láti Abẹ́òkúta títí dé ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ló ti jáde. Òjò àti oòrùn máa ń sọ ọ̀pọ̀ nǹkan inú àpáta di amọ̀, ṣùgbọ́n quartz kì í jẹrà. Odò ló máa ń kó o lọ. Bí igun rẹ̀ bá ṣì mú, kò tíì rìn jìnnà púpọ̀, òun làwọn bíríkìlà ń pè ní ṣáápù sáǹdì. Bó bá ti rí roboto, ìgbì ti yí i lọ yí i bọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ tún wo àwọn hóró dúdú inú rẹ̀. Ẹ yọ mágínẹ́ẹ̀tì lára sípíkà tó ti bàjẹ́, ẹ fi bébà wé e, kí ẹ gbé e kọjá lórí iyanrìn náà: àwọn dúdú kan lè fò mọ́ ọn. Irin inú àpáta nìyẹn. Mi ò tíì rí eré ọmọdé tó dùn tó èyí, àgbàlagbà sì ni mí.

Iyanrìn kì í dúró sójú kan ní etíkun wa. Láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni ìgbì ti ń wá, ẹ̀gbẹ́ ló sì fi ń wọ etíkun. Bó bá gun bèbè, á gbé iyanrìn gòkè ní ìdagẹ̀rẹ̀. Bó bá ń padà, á wọ́ ọ sọ̀ kalẹ̀ tààrà. Ìgbàkígbà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, iyanrìn á sún díẹ̀ sí ìlà oòrùn. Ìgbì kì í sinmi tọ̀sán tòru, bí iyanrìn etíkun Tógò àti Benin ṣe ń rìn bọ̀ lápá Èkó nìyẹn. Òun ló máa ń dí ẹnu ọ̀nà omi Èkó láyé àtijọ́. Ọkọ̀ ńlá kò lè wọlé. Ojú òkun ni wọ́n ń dúró sí, tí ọkọ̀ kéékèèké á máa lọ já ẹrù wọn.

Ní 1908, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta sínú òkun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu ọ̀nà náà. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí òkúta l'Ékòó? Àrò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti fọ́ ọ, ọkọ̀ ojú irin ló sì kó o wá. Gíránáìtì ilẹ̀ Ẹ̀gbá ló wà nínú omi yẹn dòní. Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́: nígbà tó fi máa di 1914, ọkọ̀ ńlá ti ń wọlé, nígbà tó sì di 1926, èbúté Àpápá ti ṣí. Iyanrìn tí wọ́n wà nísàlẹ̀ omi ni wọ́n fi kún ọ̀pọ̀ àbàtà Àpápá. Ṣùgbọ́n iyanrìn tó ń bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn kò lè kọjá mọ́. Ó kó jọ sí etíkun Lighthouse, ilẹ̀ ibẹ̀ ń fẹ̀ sí i. Bar Beach, etíkun Victoria Island tó wà ní òdìkejì nígbà náà, kò rí iyanrìn gbà mọ́, òkun sì ń jẹ ẹ́ wọlé lọ́dọọdún. Irú rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ ní Lomé àti Kútọnu nígbà táwọn náà kọ́ èbúté sínú òkun láàárín 1960 sí 1970. Mi ò bá ẹni tó kọ́ èbúté jà, nítorí mo ń jẹ ìrẹsì tó ń gba ibẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n gbèsè òkúta 1908 ni Victoria Island ń san, òun náà ló sì bí ògiri kọnkéré gìrìwò tó wà létí Eko Atlantic, ilẹ̀ tí wọ́n fi iyanrìn kún níbẹ̀.

Ẹrẹ̀ dúdú abẹ́ iyanrìn ńkọ́? Ewé àti gbòǹgbò àbàtà ni, tí kò rí afẹ́fẹ́ tó láti jẹrà tán. Ó rọ̀, omi sì kún inú rẹ̀. Bí ilé bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, omi á máa fún jáde díẹ̀díẹ̀, ilé á sì máa rì. Bí apá kan bá rì ju èkejì lọ, ògiri á sán. Òpó kọnkéré tí wọ́n gbá wọlẹ̀ títí kan iyanrìn líle ló gbé ilé ńláńlá dúró nírú ilẹ̀ báyìí. Ilé oníyàrá kọjúsími ní Ajégúnlẹ̀ kò ní irú owó bẹ́ẹ̀.

Lára bulọ́ọ̀kù ilé yẹn gan-an ni ohun tó wù mí jù wà. Bí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ bá ti Èwékorò tàbí Ìbeṣè wá, ìkarahun ẹ̀dá inú òkun ló pọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkun gun ilẹ̀ títí dé ibi tí Èwékorò wà lónìí. Ìkarahun kó jọ sísàlẹ̀ omi ní ipele ipele, wọ́n sì di òkúta. Láti 1960 ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti ń fọ́ ọ níbẹ̀; wọ́n á lọ̀ ọ́ mọ́ amọ̀, wọ́n á sun ún nínú iná tó gbóná tó 1,450 lórí ìwọ̀n Celsius. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń lọ síbi ìfọ́kùúta náà láti ṣa ìkarahun tó ti di òkúta. Bí ẹ bá rí ègé kan, ẹ kán fíníkà sí i, ẹ máa rí i tó ń hó.

Orí àtẹ lọ́jà ló kù. Ẹfun jẹ́ amọ̀ funfun, ohun tí àpáta tó jẹrà fi sílẹ̀. Tìróò gidi ń dán nítorí òjé inú rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí kò fi yẹ lójú ọmọ ọwọ́: májèlé ni òjé. Ọlọ jẹ́ àpáta òkè ọ̀hún, ó lè tó 600 mílíọ̀nù ọdún. Nígbà náà kò tíì sí ẹranko eléegun kankan láyé. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ibi tó ń dán bíi gíláàsì lára rẹ̀, ọ̀bẹ ló máa fi àmì sílẹ̀. Káún tí wọ́n kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wá láti agbègbè adágún Chad, níbi tí omi ti ń sun sáàárín òkìtì iyanrìn, tí oòrùn á fà á gbẹ, tí káún á dì sílẹ̀. Ó ṣì ń dì níbẹ̀ títí dòní, nítorí náà èyí tí ẹ rà láàárọ̀ láti fi se ẹ̀wà lè má tíì dàgbà tó ọmọ tí ẹ rán lọ rà á.