Àfonífojì Odò Mosel ní Ilẹ̀ Jámánì

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ọgbà àjàrà, ilẹ̀ tí oòrùn ti ń mú gan-an ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Jámánì, níbi tí yìnyín ti máa ń bọ́ nígbà òtútù, odò Mosel wà, ọgbà àjàrà sì kún bèbè rẹ̀ lọ súà. Orí òkè Vosges ní ilẹ̀ Faransé ni orísun odò náà. Ó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ títí ó fi wọ odò Rhine ní ìlú Koblenz.

Báwo ni àjàrà ṣe ń pọ́n nínú òtútù bẹ́ẹ̀? Ẹ̀gbẹ́ òkè tí ó kọjú sí gúúsù ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ yàn, kí oòrùn lè máa bà á tààrà. Òkúta pẹlẹbẹ ni ó bo ilẹ̀ náà. Lọ́sàn-án a máa gba ooru oòrùn sára, lóru a sì máa tú u jáde díẹ̀díẹ̀, bí ààrò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó iná kúrò nínú rẹ̀. Irú àjàrà tí ó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ ni Riesling. Kì í tètè pọ́n. Oṣù kẹwàá ọdún ni wọ́n sábà máa ń ká a, ìkan díẹ̀ a sì máa wà nínú adùn rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ní Calmont, lẹ́bàá ìletò Bremm, òkè náà ga tó ìwọ̀n digírì 65 níbi tí ó ti le jù: díẹ̀ ni ó kù kí ó nàró bí ògiri. Katakata kò lè gùn ún, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù. Nítorí ìnira yìí, ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ ti kọ ogún baba wọn sílẹ̀, igbó sì ti gba àwọn ọgbà kan. Owó tí àwọn àlejò ń ná lórí ibùsùn, oúnjẹ àti wáìnì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ìyókù parun.

Ní ìlú Trier ni àlejò yóò ti rí Porta Nigra, ẹnubodè tí àwọn ará Róòmù kọ́ ní ọ̀rúndún kejì. Ní Neumagen, wọ́n rí ère òkúta ọkọ̀ ojú omi tí ó kó àgbá wáìnì ní ọdún 1878. Èyí tí ó wu èmi jù ni ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Bernkastel-Kues, tí Nicholas ará Kues dá sílẹ̀ ní ọdún 1458. Àwọn arúgbó ṣì ń gbé ibẹ̀ títí di òní, ọgbà àjàrà sì wà lára ohun ìní rẹ̀. Àwọn tí ó ní agbára lè gun kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá odò, tàbí kí wọ́n gba ọ̀nà tóóró Calmont, níbi tí a ti so okùn irin mọ́ àpáta, tí a sì gbé àkàbà sí. Ẹni tí òòyì máa ń kọ́ kò gbọdọ̀ débẹ̀.