Madagásíkà: Erékùṣù tí Ẹbí Rẹ̀ Wà ní Ọ̀nà Jíjìn

Bí a bá tẹ́ àwòrán ilẹ̀ ayé síwájú, tí a sì wo apá gúúsù ìlà-oòrùn Áfíríkà, a óò rí erékùṣù gbọọrọ kan nínú Òkun Íńdíà. Madagásíkà ni. Omi tí ó là á kúrò lára Mòsáńbíìkì kò ju nǹkan bí 400 kìlómítà lọ níbi tí ó ti fún jù. Ẹni tí kò bá wádìí jinlẹ̀ yóò rò pé èdè ibẹ̀, ẹranko ibẹ̀ àti igi ibẹ̀ yóò bá ti ilẹ̀ tí ó kọjú sí i mu ní gbogbo ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni aládùúgbò, ọ̀tọ̀ ni ẹbí. Ohun tí ó yani lẹ́nu jù lọ nípa ilẹ̀ yìí ni pé púpọ̀ nínú àwọn ìbátan rẹ̀ wà ní òdìkejì òkun, níbi tí ojú kò tó.

Nínú gbogbo erékùṣù ayé, mẹ́ta péré ni ó tóbi ju Madagásíkà lọ. Ilẹ̀ rẹ̀ tó 587,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, èyí tí ó ju ìdajì ilẹ̀ Nàìjíríà lọ. Nígbà ìwáṣẹ̀, òun, Áfíríkà àti Íńdíà so pọ̀ mọ́ra. Ní nǹkan bí 160 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni òun àti Íńdíà ya kúrò lára Áfíríkà. Ní nǹkan bí 88 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, Íńdíà náà fi í sílẹ̀, ó gba ọ̀nà àríwá lọ. Láti ìgbà náà ni erékùṣù yìí ti dá wà. Àwọn òkè tí ó la àárín rẹ̀ já láti àríwá dé gúúsù ni ó ń gba òjò tí afẹ́fẹ́ òkun ń gbé bọ̀. Nítorí náà, igbó kìjikìji wà ní ìlà-oòrùn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ gúúsù ìwọ̀-oòrùn gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí igi ẹlẹ́gùn-ún fi gba ibẹ̀ kan.

Dídá tí ilẹ̀ náà dá wà ni ó sọ ẹranko ibẹ̀ di àràmàǹdà. Kìnnìún kò sí nínú igbó rẹ̀, erin kò sí, ọ̀bọ kò sí. Ẹranko tí ó wà lórí igi dípò ọ̀bọ ni èyí tí à ń pè ní lemur, ẹlẹ́yinjú ńlá, tí irú rẹ̀ ju 100 lọ. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn ni indri. Ìrù rẹ̀ kò ju kékeré lọ, ṣùgbọ́n akọ àti abo a máa gbé orin pọ̀ ní òwúrọ̀, ohùn wọn a sì dún kọjá kìlómítà méjì. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, èèwọ̀ ni pípa á, nítorí ìtàn sọ pé ìbátan ènìyàn ni. Òmíràn wà tí ń jẹ́ aye-aye, tí ìka rẹ̀ àárín tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀. Ìka yìí ni ó fi ń kan igi, tí yóò dẹ etí sílẹ̀ gbọ́ ibi tí kòkòrò wà, tí yóò fi eyín dá ihò lu, tí yóò sì fi ìka náà yọ oúnjẹ rẹ̀ jáde.

Bí ó bá kan ti ọ̀gà tí a tún ń pè ní agẹmọ, nǹkan bí ìdajì gbogbo irú rẹ̀ tí ó wà láyé ni ó jẹ́ ti Madagásíkà. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ kéde ọ̀kan tí akọ rẹ̀, láti ẹnu dé ìdí ìrù, kò gùn ju mìlímítà 13.5 lọ: ó lè dúró sí ṣóńṣó orí ìka ọwọ́.

Òdòdó kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, funfun bí ìràwọ̀, tí oyin rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá tín-ín-rín tí ó gùn tó nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà. Ní ọdún 1862, Charles Darwin sọ pé àfòpiná kan ní láti wà ní erékùṣù náà tí ahọ́n rẹ̀ yóò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan kò tí ì rí irú rẹ̀ rí níbẹ̀. Darwin ti kú kí a tó ṣe àkọsílẹ̀ àfòpiná náà ní ọdún 1903.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ìbátan. Ẹyẹ ńlá kan ti gbé ibẹ̀ rí tí ó ga ju ògòǹgò lọ, tí ẹyin rẹ̀ kan ṣoṣo sì ju 150 ẹyin adìẹ lọ ní títóbi. Ẹyẹ náà ti run. Nígbà tí a yẹ egungun rẹ̀ wò ní ọdún 2014, ẹbí rẹ̀ tí ó sún mọ́ ọn jù kì í ṣe ògòǹgò Áfíríkà bí kò ṣe kiwi, ẹyẹ kékeré ilẹ̀ Níú Sílàńdì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti igi osè tí Yorùbá mọ̀ dáadáa. Irú osè mẹ́jọ ni ó wà láyé. Mẹ́fà kò sí níbòmíràn àfi Madagásíkà, ọ̀kan wà ní Áfíríkà, ọ̀kan ní Ọsirélíà. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2024 sọ pé Madagásíkà ni ìran igi náà ti ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ibẹ̀ ńkọ́? Èdè ni ó jẹ́rìí wọn. Wọn a máa pe òkúta ní *vato*. Àwọn Màléè ní Éṣíà ń pè é ní *batu*. *Lanitra* ni ojú ọ̀run. Màléè ní *langit*. *Volana* ni òṣùpá. Màléè ní *bulan*. Ní ọdún 1951, Otto Christian Dahl, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi hàn pé èdè tí ó sún mọ́ ti Madagásíkà jù lọ ni ti àwọn Ma'anyan ní gúúsù erékùṣù Bòníò, tí ó ju 6,000 kìlómítà lọ sí i. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn baba ńlá wọn bá dé, ó ti ju 1,000 ọdún lọ. Síbẹ̀, Áfíríkà náà ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn àti nínú ọ̀rọ̀ wọn. Màlúù ń jẹ́ *omby*, àgùntàn ń jẹ́ *ondry*. Ní èdè Sùwàhílì, *ng'ombe* àti *kondoo* ni. Ohun ọ̀sìn ni wọ́n bá aládùúgbò pàdé, wọ́n sì gba orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ìwé kan tí ó ròyìn ìrìn-àjò náà. Ẹnu àwọn ọmọ ni ó pa á mọ́. Faransé jọba lé wọn lórí láti ọdún 1896 títí di ọdún 1960, ọdún kan náà tí Nàìjíríà gba òmìnira, ṣùgbọ́n èdè wọn kò parẹ́. Láti ọdún 1835 ni odindi Bíbélì ti wà ní èdè náà.

Yorùbá tí ó bá dé ibẹ̀ yóò rí ohun tí yóò mú un rántí ilé. Bí ìdílé kan bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó, agbẹnusọ méjì ni yóò dúró fún ọ̀tún àti òsì, bí alága ìdúró àti alága ìjókòó, tí wọn yóò máa fi òwe dá ara wọn lóhùn. *Kabary* ni wọ́n ń pe irú ọ̀rọ̀ sísọ yìí. Kí agbẹnusọ tó wọ inú ọ̀rọ̀, yóò kọ́kọ́ tọrọ gáfárà, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé Yorùbá ti í sọ pé tótó ó ṣe bí òwe. UNESCO fi *kabary* sí ara àwọn ogún àṣà ayé ní ọdún 2021. Lórí òkè àárín ilẹ̀ náà, àwọn Merina àti Betsileo a máa ṣí ibojì àwọn baba ńlá ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, wọn a fi aṣọ tuntun wé wọn, wọn a sì gbé wọn jó pẹ̀lú ìlù àti fèrè. Lójú wọn, òkú kò kúrò nínú ẹbí.

Bí ọ̀rọ̀ ti jẹ́ ẹlẹ́rìí fún ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ẹranko àti igi jẹ́ ẹlẹ́rìí fún ilẹ̀. Àwọn ẹlẹ́rìí wọ̀nyí ni ó ń dínkù. Igi gígé àti iná tí àgbẹ̀ aláìní fi ń ṣán oko ìrẹsì ti jẹ púpọ̀ nínú igbó náà. Òjò ń wọ́ ilẹ̀ pupa lọ sínú odò Betsiboka, omi rẹ̀ sì pọ́n bí osùn. Ní ọdún 2020, nínú irú lemur 107 tí a kà, 103 ni ó wà nínú ewu ìparun. Ohun tí ó ṣẹ́kù fún ẹyẹ ńlá ìjọsí ni eèpo ẹyin àti egungun. Yorùbá ní agẹmọ ti bímọ rẹ̀ tán, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ agẹmọ. Òkun ti pa ogún Madagásíkà mọ́ fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún. Ìyókù di ọwọ́ àwọn tí ń bẹ láàyè.