Òótọ́ àbí irọ́? "Ibikíbi tí omi bá wà ni ọkọ̀ tó ń fò lójú omi lè gbà"

Fídíò rẹ̀ ti dé orí fóònù wa: ọkọ̀ oníbátìrì tó ń fò ní ìwọ̀n mítà díẹ̀ sókè omi. Ẹni tó bá sì mọ títì Ìdìròkò sí Sango nígbà òjò á béèrè pé, ṣebí a ní odò Yewa, kí ló dé tí a ò gba orí rẹ̀ lọ sí Èkó? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Pé ó ń fò, òótọ́ ni. Bí apá ọkọ̀ bá sún mọ́ omi, afẹ́fẹ́ tó há sáàárín wọn á máa gbé e, agbára tó ń ná á sì dínkù. Ohun tí bátìrì ń fẹ́ gan-an nìyẹn, nítorí agbára inú kílò bẹntiróòlù kan ju ti kílò bátìrì kan lọ ní ìlọ́po 30 ó lé. Ọkọ̀ Viceroy tí ilé iṣẹ́ REGENT ń ṣe ní Rhode Island, l'Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò lórí omi pẹ̀lú èèyàn nínú ní 2025. Wọ́n ní yóò gbé èrò 12, yóò sì rin nǹkan bí 290 kìlómítà kí bátìrì tó tán. Ìlérí ẹni tó ń tajà ni o, kò tíì di ìrìn ojoojúmọ́. Sófíẹ́ẹ̀tì náà fi irú rẹ̀ tó gùn ju 90 mítà lọ fò lórí Òkun Caspian ní 1966. Ó rì ní 1980, irú ọkọ̀ yẹn kò sì di ọkọ̀ èrò káàkiri ayé.

"Ibikíbi" ni irọ́ wà. Apá Viceroy fẹ̀ tó 20 mítà. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ yà lójijì á rẹ apá kan sílẹ̀, bó bá sì ń fò nítòsí ojú omi, apá yẹn á kan omi. Nítorí náà, omi gbalasa tó lọ tààrà ló ń fẹ́. Odò Yewa ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ títí ó fi dé omi Àgbádárìgì, ibẹ̀ náà sì ni koríko omi olódòdó àlùkò gbà wọ Nàìjíríà láti apá Benin lọ́dún 1984. Viceroy ní apá kékeré lábẹ́ omi tó ń gbé e sókè kó tó fò. Ẹ wo ohun tí koríko yẹn máa fi ojú rẹ̀ rí.

Èkó sí Kútọnù sí Lomé ló yẹ ẹ́. Èbúté mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní odi òkúta tó ń dá ìgbì dúró, ọkọ̀ á sì lè gbéra níbi tí omi ti rọ̀. Ṣùgbọ́n Ìlaròó àti Ayétòrò ní ilẹ̀ Yewa jìnnà sí òkun.

Àwọn tó ń gbé orí omi ní ilẹ̀ Yewa wà nísàlẹ̀ Ìpokíà, bí àwọn ará erékùṣù Tongeji. Lójú tèmi, kí a kó koríko kúrò lọ́nà wọn, kí a fún wọn ní ọkọ̀ ojú omi oníbátìrì lásán, tí kì í fò. Èyí tí kì í sáré kò béèrè bátìrì ńlá, sólà tí a bá tò sí èbúté sì lè máa fún un ní iná.