«Tẹ́ Ẹní» àti «Kí Ẹní Wà Níbẹ̀»: Àṣìṣe Kan nínú Linux

Nínú ẹ̀kọ́ gírámà, wọ́n kọ́ wa pé ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń sọ ìṣẹ̀lẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń sọ ipò tí nǹkan wà. «Lọ tẹ́ ẹní síbẹ̀» kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú «rí i pé ẹní wà níbẹ̀». Ẹni tí a rán ní iṣẹ́ àkọ́kọ́ yóò tẹ́ ẹní, bí òmíràn tilẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹni tí a rán ní ìkejì yóò kọ́kọ́ wolẹ̀. Bí ó bá bá ẹní níbẹ̀, yóò ká tirẹ̀ padà. Wọ́n da ìtumọ̀ méjèèjì yìí pọ̀ nínú Linux, ó sì fa àṣìṣe kan tí wọn kò rí tún ṣe dáadáa títí di ọdún 2020.

1. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò

Nínú Linux, apá kan wà tó dúró láàárín àwọn ètò àti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Faransé ń pè é ní noyau. Èmi yóò pè é ní kóró. Kóró to gbogbo fódà bí igi kan tó ní gbòǹgbò àti ẹ̀ka. Bí a bá fẹ́ lo dísìkì mìíràn, tàbí àwọn fáìlì tó wà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kóró yóò so wọ́n mọ́ fódà kan lórí igi náà. Monter ni Faransé ń pe èyí. Ohun tí a so mọ́ fódà máa ń bo ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí ẹní ṣe ń bo ilẹ̀. A sì lè tẹ́ ẹní lé ẹní: tòkè nìkan ni ojú ń rí.

Láti ẹ̀yà 2.4.19 ti ọdún 2002, gbogbo ètò kò fi dandan rí igi kan náà mọ́. A lè pín wọn sí agbo, kí agbo kọ̀ọ̀kan ní igi tirẹ̀; èyí ni Faransé ń pè ní espace de noms. Ohun tí a so nínú agbo kan lè má hàn nínú èkejì. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n máa pín in, ohun tí a so níhìn-ín yóò hàn lọ́hùn-ún. Àgádágodo kan ṣoṣo ni kóró fi ń ṣọ́ gbogbo agbo, namespace_sem ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá fẹ́ so nǹkan gbọ́dọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ná. Àwọn yòókù á dúró dè é.

2. Ìsomọ́ aládàáṣe

Ẹ jẹ́ ká sọ pé a kó ohùn àwọn àgbà Kétu tí a gbà sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ńlá kan, tí a sì ń lò ó láti ibòmíràn nípasẹ̀ NFS. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni so fódà náà tẹ́lẹ̀. Bí ètò kan bá ṣe fọwọ́ kàn án ni kóró yóò lọ mú ohun tó yẹ wá, tí yóò sì so ó mọ́ ọn. Láti ẹ̀yà 2.6.38 ti ọdún 2011, d_automount ni kóró ń pè fún iṣẹ́ yìí.

Ìrìn náà lè pẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí kóró bá di kọ́kọ́rọ́ mú ní gbogbo àkókò yẹn, kò sí ẹlòmíràn tó lè so ohunkóhun. Nítorí náà, ó ń kọ́kọ́ mú nǹkan wá, kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́. Nínú àlàfo yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́.

3. Ibi tí àṣìṣe wà

Ká pe ètò méjì ní Táyé àti Kẹ́hìndé. Àwọn méjèèjì fọwọ́ kan fódà kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò bá ẹní níbẹ̀, oníkálùkù sì lọ gbé ẹní wá. Táyé ló kọ́kọ́ dé. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó tẹ́ tirẹ̀.

Kẹ́hìndé náà dé, ó gba kọ́kọ́rọ́. Iṣẹ́ tí kóró fún un ni èyí tó ń fún ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé «so ó mọ́ ọn»: gun òkè gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, kí o tẹ́ tìrẹ lé e. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: «Ṣé ẹní tòkè yìí bá tìrẹ mu?» Bí ó bá bá a mu, kóró á dáhùn pé EBUSY, Kẹ́hìndé á sì ká tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni èyí ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ti so nǹkan mìíràn lé ẹní Táyé ńkọ́? Ìdáhùn á di «rárá», Kẹ́hìndé á sì tẹ́ ẹní bo nǹkan onínǹkan. Fáìlì kò sọnù o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn kò ní rí i mọ́. Bí àwọn agbo bá ń pín ìsomọ́, àṣìṣe náà yóò tàn kálẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, kóró ń ka iye ọwọ́ tó di ìsomọ́ kọ̀ọ̀kan mú. Gígun òkè yìí lè mú kí a jọ̀wọ́ ìsomọ́ ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí iye má sì pé mọ́. Àtúnṣe kan ní ọdún 2011 dí ihò yìí, ṣùgbọ́n kò yí ìbéèrè náà padà.

4. Àtúnṣe

Al Viro, tó ń bójú tó apá yìí nínú Linux, ló yí ìbéèrè náà padà ní ọdún 2020. Nínú finish_automount, Kẹ́hìndé kì í gun òkè mọ́. Ó ń ti fódà náà, ó ń gba namespace_sem, ó sì ń béèrè nígbà tí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀: ṣé fódà yìí ṣì wà? Ṣé nǹkan kan ti wà lórí rẹ̀, ohun yòówù kí ó jẹ́? Bí nǹkan bá ti wà, kò sí ìjà, kò sí EBUSY: á ká ẹní rẹ̀ jẹ́jẹ́, á sì wọ inú ohun tó bá níbẹ̀. Bí kò bá sí, á tẹ́ tirẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé àgádágodo wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àìsí rẹ̀ kọ́ ló fa wàhálà. Ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú ni kò béèrè ohun tó yẹ.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún àwa tí à ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Faransé lo monter fún ìsomọ́ méjèèjì, Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe bẹ́ẹ̀, kóró pàápàá sì fi ọ̀nà kan náà ṣe wọ́n fún ọdún púpọ̀. Bí àwa bá fẹ́ sọ wọ́n lórúkọ, kí a fún «tẹ́ ẹ» ní tirẹ̀, kí a sì fún «kí ó wà níbẹ̀» ní tirẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ní Kétu, Ṣábẹ tàbí Àjàṣẹ́ bá ní ọ̀rọ̀ tó dára ju «kóró» àti «agbo» lọ, kí ó mú un wá. Etí wa ṣí sílẹ̀.